Ẹyẹ Kẹta Tó Wà Nínú Koríko Nkwelle

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ kúnlẹ̀ kí èèyàn ní Oníṣà, obìnrin tí mo kí bá mi wá nǹkan nílẹ̀. Mama Obiageli ni, ẹni tó ni ilé tí a háyà yàrá sí ní Woliwo. Mo rí i pé ó jù mí lọ, mo ká ìró mi mọ́ra, mo fi orúnkún méjèèjì gúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ kú àárọ̀, mà." Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fọwọ́ gbá iyẹ̀pẹ̀, ó ní, "Wetin fall? Na ring?" Mi ò gbọ́ Píjìn nígbà náà. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń dáhùn ìkíni níbẹ̀ nìyẹn, ni mo bá ń bá a gbá iyẹ̀pẹ̀. Ọkọ mi, Búráímọ̀, ló jáde tó bá àwa méjèèjì nílẹ̀ bí adìẹ tó ń wá kòkòrò. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Ọ̀dọ̀ Mama Obiageli yìí náà ni ọ̀rọ̀ ẹyẹ ti bẹ̀rẹ̀. Koríko wà lẹ́yìn ilé náà nígbà yẹn, kí wọ́n tó kọ́lé dí i. Àwọn ẹyẹ kéékèèké kan ń fò nínú rẹ̀, aláwọ̀ ilẹ̀, wọn ò ju àtàǹpàkò lọ. Ní Ìkìrun tí mo ti wá, tíntín là ń pe irú wọn. Mo nàka sí ọ̀kan, mo fi ojú béèrè. Mama Obiageli ní, "Nza." Ahọ́n tiwa ò ní ohùn yẹn. Etí mi gbọ́ "ń sá." Inú mi dùn débi pé mo sáré wọlé lọ bá Búráímọ̀: "Ẹ gbọ́ o, obìnrin yìí gbọ́ Yorùbá! Mo nàka sí ẹyẹ, ó ní ó ń sá!" Lóòótọ́, ẹyẹ náà ń sá lọ nígbà náà.

Odindi ọjọ́ yẹn ni mo fi ń bá Mama Obiageli sọ Yorùbá. Mo sọ bí mo ṣe fi ìyá mi sílẹ̀ fún un. Mo sọ bí omi ibẹ̀ ṣe ń ṣe mí nínú, àti bí mi ò ṣe mọ ẹni tí n ó fi ọ̀rọ̀ lọ̀. Ó ń mi orí. Ó ń ṣẹ́ ẹ̀fọ́ rẹ̀, ó sì ń mi orí. Ìgbà tí Búráímọ̀ ṣàlàyé fún mi pé obìnrin náà ò gbọ́ ẹyọ kan nínú gbogbo rẹ̀, ojú tì mí. Ṣùgbọ́n ó ti jẹ́ kí n sọ ọ́ tán. Èèyàn dáadáa ni. Láti ọjọ́ náà, ńsá la ń pe gbogbo ẹyẹ kékeré aláwọ̀ ilẹ̀ nínú ilé wa.

Ohun tó le jù fún mi níbẹ̀rẹ̀ kì í ṣe oúnjẹ, kì í ṣe ariwo ọjà. Kíkí ni. Nílé, tí o bá ń ránṣọ, wọn á ní ẹ kú iṣẹ́. Tí o bá jókòó, ẹ kú ìjókòó. Tí òjò bá pa ọ́, wọ́n ní ọ̀rọ̀ fún un. Ní Oníṣà, "Kedu" nìkan ni mo ń gbọ́ láàárọ̀, lọ́sàn-án, nínú òjò, nínú oòrùn. Mo ní àwọn èèyàn yìí ń fi ìwọ̀n kan ṣoṣo rán aṣọ fún gbogbo ìlú. Ó pẹ́ kí n tó gbọ́ pé "Jisie ike" wà fún ẹni tó ń ṣiṣẹ́, pé "Ịbọla chi" wà fún òwúrọ̀. Wọ́n ti ń kí mi bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Etí mi ni kò tíì là.

Búráímọ̀ ń ta bàtà lọ́jà, èmi ń ránṣọ níwájú ilé. Orúkọ àwọn aládùúgbò ni mo mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: Ukamaka tó ń dín àkàrà, Festus tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe, Azuka tó ń ta káàdì fóònù lábẹ́ agbòòjò. Àwọn ò mọ tèmi. Mama Yoruba ni wọ́n ń pè mí, àgbà àti ọmọdé. Ìyá Ẹ̀gbá kan tún wà lójúlé kejì, Ṣadé, tó ń ta oúnjẹ. Òun náà, Mama Yoruba. Tí wọ́n bá pè látòkè, àwa méjèèjì á dáhùn, a ó jọ yọ orí síta, a ó wo ara wa.

Ó wá di ọjọ́ kan, obìnrin kan wá láti Awada pẹ̀lú aṣọ lábíyá, ó ń wá Mama Yoruba. Ukamaka bi í láti ìdí àkàrà rẹ̀ pé, "Which one? The one wey dey cook, abi our own wey dey sew?"

Our own. Mo gbé ọ̀rọ̀ yẹn wọlé lọ fún Búráímọ̀. Mo sọ ọ́, mo tún un sọ. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n jẹ́ kí òun jẹun.

Woliwo ni mo bí Sìfáwù sí. Òun nìkan ló dúró nínú àwọn tí mo bí. Tó bá ń bínú, Ìgbò ló fi ń bínú. Tó bá ń tọrọ nǹkan, á wá di Yorùbá, á di "Màámi, ẹ jọ̀ọ́." Tí mo bá ń bá a wí, á dúró kí n sọ tán, á wá ní, "Màámi, ẹ fi Ìgbò sọ ọ́, kí ó lè wọ̀ mí lára."

Àbúrò mi, Gàníyù, a máa pè wá láti Ìkìrun. Ọ̀rọ̀ òun àti Sìfáwù kì í tán. Lẹ́yìn ikú Búráímọ̀, nígbà tí ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í ṣerun ní Awada, ó fẹ́ sọ fún un pé ọkọ̀ ni òun ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́. Ohùn ò gbọ́ràn sí i lẹ́nu.

"Ańkù, ọkọ́ ni mo ń wọ̀ lọ sí Awada lójoojúmọ́."

"Ọkọ́ kẹ̀?" ni Gàníyù wí. "Ṣé orí irin lo ń jókòó sí ni àbí orí ẹ̀rúkọ́?"

"Ańkù, ẹ ti bẹ̀rẹ̀ o!"

"Rárá, mo fẹ́ mọ̀ ni. Ṣé èrò mìíràn a máa bá ọ wọ̀ ọ́?"

Gbogbo ilé Gàníyù ló ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀. Sìfáwù náà rẹ́rìn-ín, ó gbé fóònù fún mi. Ṣùgbọ́n mo rí i tó lọ sẹ́yìn ilé, mo gbọ́ tó ń dá sọ ọ́ fún ara rẹ̀, ọkọ̀, ọkọ́, ọkọ̀. Wọ́n máa ń ní àwọn ọmọ tí a bí sí òkèèrè ò létí. Mo máa ń gbọ́ ọ, n kì í fèsì. Ọmọ tèmi létí. Etí rẹ̀ kàn kọ́kọ́ kún fún nǹkan mìíràn ni.

Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ Nneka ló háyà ilẹ̀ díẹ̀ ní Nkwelle Ezunaka, wọ́n ń gbin ugu. Nneka náà ń ṣerun, ṣọ́ọ̀bù kan náà ni wọ́n jọ ń lò. Ilẹ̀ àkùrọ̀ ni, koríko gíga yí i ká. Láàárọ̀ tí kò bá sí oníbàárà, ibẹ̀ ni wọ́n máa ń wà. Ọjọ́ kan ló ti ibẹ̀ dé tó jókòó ti máṣíìnì mi, ẹrẹ̀ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Màámi, mẹ́ta ni wọ́n."

"Mẹ́ta kí ni?"

"Ńsá. Gbogbo wọn lẹ̀ ń pè ní ńsá. Mẹ́ta ni wọ́n."

"Sìfáwù, ẹyẹ tí kò ju bọ́tìnnì kóòtù lọ. Níbo ló ti rí ara tí yóò pín sí mẹ́ta?"

"Ẹ má wò wọ́n. Tí ẹ bá wò wọ́n, ẹ ò ní mọ̀. Ẹ gbọ́ wọn."

Òótọ́ ló sọ nípa wíwò. Mo lọ síbẹ̀ pẹ̀lú wọn nígbà mélòó kan, mo wò títí ojú fi ń ro mí. Ẹ̀yìn aláwọ̀ ilẹ̀, àyà funfun tó ti dọ̀tí. Èyí ní ilà dúdú lẹ́yìn, èyí ò ní. O máa sọ pé o ti mú un, oòrùn á yí, gbogbo wọn á tún bákan náà. Ìrù gan-an kì í ṣe ẹ̀rí. Nneka ní èyí tí ìrù rẹ̀ gùn nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ìrù náà á kúrú lójò. Mo ní kí ni ń ṣe ẹyẹ tí ń pààrọ̀ ìrù bí ẹni ń pààrọ̀ ìró?

Láti inú iṣẹ́ mi ni Sìfáwù ti fún wọn lórúkọ. Àkọ́kọ́, Onísísọ́ọ̀sì: tó bá fò sókè lórí koríko, á máa dún ṣá, ṣá, ṣá, bí ìgbà tí sísọ́ọ̀sì ń gé abíyá aṣọ. Èkejì, Onímáṣíìnì: ìrù rẹ̀ máa ń nà ró, orí igi koríko ló ń jókòó sí, á máa wa ẹsẹ̀ lọ láìsinmi bí ẹni tí oníbàárà dúró tì lórí. Ẹ̀kẹta ni Awé-òwú. Ìyẹn kì í jìnnà sí omi. Ó ní á kọ́kọ́ dún kírrrr, bí ìgbà tí bọ́bìnnì ń wé òwú lára máṣíìnì, á wá fi ìfé kékeré kan parí rẹ̀.

Mo gba Onísísọ́ọ̀sì. Mo gba Onímáṣíìnì, mo ti gbọ́ àwọn méjèèjì. Ẹ̀kẹta ni mo kọ̀. Mo ní kò sí ẹni tó ń jẹ́ Awé-òwú, Onímáṣíìnì ni, ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é.

"Ọ̀fìnkìn, Màámi?"

"Ọ̀fìnkìn. Inú omi ló ń gbé. Kí lo rò?"

Ọ̀rọ̀ yẹn di tiwa. Òjò rọ̀, ẹ̀ẹ̀rùn dé, a ò fi í sílẹ̀. Tó bá ti Nkwelle dé, n ó bi í pé ṣé ara aláìsàn ti yá. Tí èmi bá wúkọ́, á ní ẹyẹ kẹta ti dé.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò tó kọjá, láàárọ̀ ọjọ́ kan tó wà ní oko, ó fi ohùn ránṣẹ́ sí orí fóònù mi. Mo gbọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n aṣọ ilé-ìwé pọ̀ níwájú mi, ẹsẹ̀ mi ò kúrò lórí máṣíìnì, ohùn rẹ̀ nìkan ni mo gbọ́, mi ò gbọ́ nǹkan mìíràn. Nígbà tó dé, mo ní, "Ọ̀fìnkìn ni." Ó ní, "Màámi, ẹ ò tilẹ̀ gbọ́ ọ!" Ó ń rẹ́rìn-ín.

Lẹ́yìn ìyẹn, orí fífọ́ ni àìsàn rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Kò dùbúlẹ̀ pẹ́. Èyí tó kù, Ọlọ́run mọ̀ ọ́n, èmi náà mọ̀ ọ́n, n kò ní kọ ọ́ síbí.

Nílé wa, òbí kì í tẹ̀lé òkú ọmọ rẹ̀. Òbí kì í mọ ojú oórì ọmọ. Àlùfáà Múfútáù, tó jẹ́ àgbà láàárín àwa Mùsùlùmí Yorùbá ládùúgbò, bẹ̀rẹ̀ síwájú mi, ó ní, "Ìyá, ẹ jókòó. Ẹ jẹ́ kí àwa lọ." Ṣadé àti Rẹ̀mí ìyàwó Múfútáù dì mí mú nínú yàrá. Mo gbọ́ ẹsẹ̀ wọn níta, mo gbọ́ tí wọ́n gbé e. Mi ò mọ apá ibi tí wọ́n yà sí.

Àwọn aládùúgbò ò lóye rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwọn, òkú ní láti délé, iwájú ilé ni wọ́n ń sin ín sí, ìyá á máa rí ibẹ̀ nígbà tó bá ń gbálẹ̀. Mama Obiageli, tó ń fi ọ̀pá rìn báyìí, jókòó tì mí, ó fi Ìgbò bi mí pé, "Ṣé o ò ní lọ wo ibi tí wọ́n gbé e sí ni? Ṣé o ò ní gbé e relé?"

Mo ní, "Ilé wo, Mama?"

Ó rò ó. Inú yàrá yẹn ni mo bí Sìfáwù sí, òun gan-an ló gbé e nígbà tó kọ́kọ́ ké. Ó ní, "Ndo," pẹ̀lẹ́ nìyẹn. Kò bi mí léèrè mọ́.

Nneka tẹ̀lé wọn lọ lọ́jọ́ náà. Kò mọ̀ pé àwọn obìnrin wa kì í lọ, kò sì sẹ́ni tó lé e padà. Òun mọ ibẹ̀. Nígbàkígbà tó bá wá wò mí, mo máa ń rí i lójú rẹ̀ pé ó mọ ibẹ̀. Ọjọ́ kan ó la ẹnu, ó ní, "Mama, the place wey dem…" Mo fi ọwọ́ dí etí mi. Ó sunkún, èmi náà sunkún. Ó lọ ó fọ abọ́ mi.

Ẹni tó bá ní ojú oórì, ó ní ibi tó ń lọ. Èmi ò níbi tí mò ń lọ. Máṣíìnì ò wù mí í jókòó tì. Ìgbà yẹn ni mo rántí ohùn tó fi ránṣẹ́ sí mi, Nneka sì bá mi wá a jáde. Mo gbé fóònù sétí nínú ilé tó dákẹ́.

"Màámi, ẹ gbọ́ o. Ẹ dákẹ́ ná, kí ẹ gbọ́. Nneka, biko, dákẹ́! Òun nìyẹn. Ẹ wá sọ pé ọ̀fìnkìn ni."

Lẹ́yìn náà koríko ń dún, atẹ́gùn ń fẹ́. Lẹ́yìn náà nǹkan kan dún níbẹ̀, tó kéré, tó jìnnà. Lẹ́yìn náà ẹ̀rín rẹ̀, ó parí. Mo gbọ́ ọ títí. Nǹkan náà kéré jù, fóònù mi ti gbó, mi ò lè sọ bóyá kírrr ni àbí atẹ́gùn. Ó wá ń jẹ mí lọ́kàn. Ohun kan ṣoṣo ni ọmọ mi ní kí n gbọ́, mi ò gbọ́ ọ.

Gàníyù ò yé pè.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ wálé. Yàrá yín ti wà, Rábì ìyàwó mi ti gbá a. Kí lẹ tún ń ṣe níbẹ̀?"

Mo ní, "Ẹyẹ kan wà tí mo fẹ́ mọ̀."

Mo gbọ́ tó fọwọ́ bo fóònù, tó ń sọ̀rọ̀ sí Rábì. Ó padà wá, ó ń rọra sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọmọ tí ibà ń ṣe sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹyẹ wà ní Ìkìrun."

"Mo mọ̀. Orí mi ò dàrú, Gàníyù. Ẹyẹ tí Sìfáwù ní ó wà, tí mo ní kò sí. Jẹ́ kí n mọ̀ ọ́n ná. Tí mo bá ti mọ̀ ọ́n, n ó wálé."

"Ṣé ẹ ṣèlérí?"

"Mo ṣèlérí."

"Rábì, o gbọ́ o! Wọ́n ti ṣèlérí!"

Nneka sọ fún mi pé kò sí àkókò. Àwọn ọmọ onílẹ̀ ti ta ilẹ̀ àkùrọ̀ náà, wọ́n fẹ́ kọ́lé síbẹ̀. Tí ilẹ̀ bá ti gbẹ, katakátá á wọ̀ ọ́. A jọ ń lọ láàárọ̀, mo jókòó sórí ike tí a dojú rẹ̀ délẹ̀ láàárín ugu tó ti ń di igbó. Nneka lójú. Á nàka: "Mama, that one? This one? See am." Mo ní, "Nneka, má fi hàn mí. Dákẹ́." Ó ṣòro fún un, ọmọ tó máa ń bá orí oníbàárà sọ̀rọ̀ látàárọ̀ ṣúlẹ̀.

Mo ti mọ Onísísọ́ọ̀sì dáadáa. Ó ń fò sókè, ó ń gé atẹ́gùn. Mo mọ Onímáṣíìnì, mo tilẹ̀ ti ń gbọ́ ìgbà tó bá ń wa ẹsẹ̀ kíákíá àti ìgbà tó bá ń rẹ̀ ẹ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tó bá dún létí omi, ẹ̀rù ń bà mí pé mò ń fi ọkàn gbọ́ ọ ni, kì í ṣe etí. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, gbogbo ohùn ló lè di ti ẹni tó ń retí. Mo ti gbọ́ tí Sìfáwù pè mí nínú ìró jẹnẹrétọ̀, mo ti gbọ́ ọ nínú omi ẹ̀rọ. N kò fẹ́ fi irú etí bẹ́ẹ̀ gbọ́ ẹyẹ yìí. Sìfáwù kò fi irú rẹ̀ gbọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá, oòrùn fẹ́ yọ, mo ní kí Nneka bá mi yí ohùn fóònù sókè tán. Mo fẹ́ fi ti inú fóònù wé ti inú koríko, bí mo ṣe máa ń fi òwú wé aṣọ níta kí n lè rí àwọ̀ rẹ̀ gan-an. Ó gbé e lé orí ewé ugu, ó tẹ̀ ẹ́.

Ohùn ọmọ mi jáde nínú oko rẹ̀. "Màámi, ẹ gbọ́ o. Ẹ dákẹ́ ná, kí ẹ gbọ́."

Nneka fọwọ́ bo ẹnu.

Ó sọ ọ́ dé òpin, nǹkan kékeré náà dún, ó rẹ́rìn-ín. Koríko ìhà omi mì. Ẹyẹ kan jáde níbẹ̀ bí òkúta tí a jù, ó bà sórí ewé tó sún mọ́ fóònù jù, iyẹ́ orí rẹ̀ dìde. Mo rí i bí mo ṣe ń rí abẹ́rẹ́. Ẹ̀yìn aláwọ̀ ilẹ̀, ilà dúdú, àyà tó dọ̀tí. Kò sí ohun kan lára rẹ̀ tí n bá fi mọ̀ ọ́n. Ó wò wá, ó wo fóònù, ó la ẹnu tó dúdú nínú.

Kírrrr. Lẹ́yìn náà ìfé kékeré, fíì.

Mo ti wé òwú sí bọ́bìnnì láti ìgbà tí mo wà ní ọmọge. Kò sẹ́ni tó lè fi ohùn yẹn tàn mí. Bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nílẹ̀, bó ṣe ń sáré bí bọ́bìnnì ṣe ń kún. Kì í ṣe Onímáṣíìnì. Kò sí ọ̀fìnkìn kankan. Ẹyẹ ọ̀tọ̀ ni.

Mo ní, "Sìfáwù, ìwọ lo jàre."

Ẹyẹ náà ò lọ. Ó fò yí fóònù ká, ó bà sí apá kejì, ó tún dún. Ó fò wọ inú ugu, ó jáde. Ó ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ewé. Nneka fi Ìgbò sọ ọ́ jẹ́jẹ́: "Ọ na-achọ ya."

Ó ń wá a. Nínú Ìgbò bíi nínú Yorùbá, ọ̀rọ̀ yẹn ò sọ bóyá ẹyẹ ni tàbí èèyàn, akọ tàbí abo. Mi ò bi í léèrè ta ni.

"Mama, off am. E go tire."

Mo ní kó pa fóònù náà. Ó pa á. Ẹyẹ náà ṣì ń wá a. Ó pẹ́ kó tó padà sínú koríko, a sì rí èkejì rẹ̀ tó gbé kòkòrò sẹ́nu wọlé síbẹ̀, tó jáde lófìfo, tó tún lọ. Wọ́n ń bọ́ ọmọ. Nneka ní ilẹ̀ ò ní gbẹ kí àwọn yẹn tó lè fò. Mo ní katakátá á lé wọn lọ sí àkùrọ̀ mìíràn. Ó ní, "They go find place." Kò dá a lójú, ó kàn sọ ọ́ fún mi ni.

Gàníyù pè lọ́jọ́ Jímọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹyẹ ńkọ́?"

N bá parọ́ fún un. Ọ̀nà wà. Ṣùgbọ́n tí mo bá ní mi ò mọ̀ ọ́n, Sìfáwù ni mo tún ń bá jiyàn.

Mo ní, "Mo ti mọ̀ ọ́n."

"Alihamudulilai! Rábì! Wọ́n ti mọ̀ ọ́n! Ìgbà wo lẹ ń bọ̀?"

"N kò bọ̀, Gàníyù."

"Ẹ ṣèlérí."

"Mo ṣèlérí. Bú mi. Ó tọ́ kí o bú mi."

Kò bú mi. Mo ní, "N kò mọ ojú oórì ọmọ mi, n kò sì gbọdọ̀ mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ìlú tó wà, mo mọ̀ ọ́n. N ò lè fi ìlú náà sílẹ̀. Yàrá tí Rábì gbá, ẹ fún ẹlòmíràn. Máṣíìnì mi ṣì ń ṣiṣẹ́, àwọn èèyàn ṣì ń gbé aṣọ wá. Nneka ní ọ̀dọ̀ òun ni n ó ti máa jẹun alẹ́, mo ní kí ó má fi ata pa mí."

Àbúrò mi ti darúgbó, ohùn rẹ̀ máa ń gbọ̀n tó bá fẹ́ sunkún. Ó wá ní, "Kí ni ohùn ẹyẹ náà?"

"Ọ̀kan wà tó ń dún bíi sísọ́ọ̀sì. Kì í ṣe ìyẹn. Ọ̀kan wà tó ń dún bíi máṣíìnì. Kì í ṣe ìyẹn náà."

"Èwo wá ni?"

Mo gbé fóònù sún mọ́ ẹnu, mo ṣe é fún un: kírrrr, fíì.

Gàníyù gbìyànjú rẹ̀. Ó fé e jù. Mo gbọ́ Rábì lẹ́yìn rẹ̀ tó ń bi í pé, "Bàbá, ta lẹ̀ ń súfèé pè?"

Mo ní, "Rárá, ìyẹn kì í ṣe òun. Bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀, kí o wá máa sáré. Tún un ṣe."

Ó tún un ṣe.